Àpò ẹni tó ń sanwó gan-an ni kí ẹ yẹ̀ wò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà tí arákùnrin kan kọ sí yín láti Ìjẹ̀bú-Òde lórí ẹni tó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni máa dín owó kù fún. Ó ní irú ọmọ mẹ́ta péré ni: ọmọ tí orí rẹ̀ pé, ọmọ aláìlóbìí, àti ọmọ ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Ó ní òbí tó kù tí kò bá rówó san, kó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, kó yé yọ onílé-ẹ̀kọ́ lẹ́nu. Mo kà á tán, mo tún un kà, mo wá sọ fún ọkọ mi pé màá fèsì. Ó ní kí n jẹ́ kó lọ. Ẹ̀yin náà rí i pé n kò jẹ́ kó lọ.

Bọ́sà ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Ilé-ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan nílùú Abẹ́òkúta yìí ni mo ti ṣe é. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí ẹni tó ni ín ṣì wà láyé, a sì ń kí ara wa dáadáa. Ẹni tó bá jókòó sórí àga bọ́sà rí á mọ̀ pé kò sẹ́ni tí òbí ń purọ́ fún tó bọ́sà, kò sì sẹ́ni tí òbí ń tú inú rẹ̀ fún tó o. Olùkọ́ ń rí ọmọ, pírínsípà ń rí èsì ìdánwò. Èmi ni mò ń rí owó, bó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń kọ̀ tí kò fẹ́ wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí owó ìrànwọ́ náà ti ń wá, torí ọ̀pọ̀ òbí rò pé àpò onílé-ẹ̀kọ́ ni. Ilé-ẹ̀kọ́ tí olówó kan fi ogún sílẹ̀ fún, tí wọ́n á máa ná èrè rẹ̀, kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Owó tí àwọn òbí yòókù san ni. Bí a bá dín ìdajì kù fún ọmọ kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa gbé e: yálà kí owó tiwọn lé díẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀, tàbí kí owó oṣù olùkọ́ dúró sójú kan. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí náírà sì tún wó lulẹ̀ ní oṣù Kẹfà, kò sí ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ń rà tí kò gbówó lórí. Epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n, epo bọ́ọ̀sì wọ́n, bébà ìdánwò wọ́n. Torí náà, nígbà tí ẹni tí kò yẹ bá gba ìrànwọ́, kì í ṣe onílé-ẹ̀kọ́ ló jà lólè. Ìyá ọlọ́mọ kan tó ń forí ṣe fọrùn ṣe kó lè san tirẹ̀ pé ló jà lólè. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹni tó yẹ fi ń ká mi lára.

Ọmọ tí orí rẹ̀ pé ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ẹni tó bá gba ipò kìíní nínú ìdánwò àwọlé kì í san kọ́bọ̀ fún odindi ọdún kan. Mo máa ń wo àwọn òbí tó bá ọmọ wá gba ìwé náà. N kò rántí èyí tó fi ọ̀kadà wá nínú wọn. Ọmọ tó ń gba ipò kìíní ni ọmọ tó jẹun kánú kó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, tí olùkọ́ ń wá kọ́ ọ nílé nírọ̀lẹ́, tí iná wà nínú yàrá rẹ̀ nígbà tí gbogbo àdúgbò wà nínú òkùnkùn. Orí rẹ̀ pé, n kò bá a du ìyẹn. Àmọ́ iye tí bàbá rẹ̀ ti ná kí orí náà tó pé tó bẹ́ẹ̀ ju iye tí à ń dá padà fún un lọ. Ìyá kan fi ẹ̀rín sọ fún mi pé owó tí a kò gbà lọ́wọ́ àwọn lọ́dún yẹn làwọn fi parí sílíìnì pálọ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni n bá ṣe?

Kí ló dé tí àwọn onílé-ẹ̀kọ́ ò fi yé ṣe é? Torí kàlẹ́ńdà ni, àti torí pátákó gàgàrà tó wà ní Pánṣẹ́kẹ́. Wọ́n á ya ọmọ náà ní fọ́tò, wọ́n á kọ máàkì rẹ̀ sábẹ́ fọ́tò, àwọn òbí mìíràn á rí i, wọ́n á wá ra fọ́ọ̀mù. Ìpolówó ọjà ni, ìpolówó kò sì burú. Kí wọ́n ṣáà yọ ọ́ látinú owó ìpolówó, kí wọ́n má fọwọ́ kan owó ìrànwọ́. Ọmọ tó mọ̀wé, ẹ fún un ní ìwé, ẹ fún un ní ife-ẹ̀yẹ, ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pàtẹ́wọ́ fún un títí ọwọ́ á fi máa dùn wọ́n.

Àwọn òyìnbó tí à ń wò kọ́ṣe pàápàá kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Yunifásítì aládàáni ni Harvard tó wà ní Amẹ́ríkà. Wọn kì í torí pé orí ọmọ pé tàbí pé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá fún un ní ìrànwọ́ níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó wọ ibẹ̀ tí orí rẹ̀ kò pé. Ohun tó ń wọlé fún ilé ọmọ náà ni wọ́n ń wò. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, wọ́n kéde pé láti ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, ọmọ tí ohun tó ń wọlé nílé wọn kò bá ju dọ́là 200,000 lọ lọ́dún kò ní san owó ẹ̀kọ́ mọ́. Ó dára. Àmọ́ ní Amẹ́ríkà, ìwé owó-orí kálukú wà nílẹ̀ tí wọ́n á yẹ̀ wò. Tí àwa bá ní ká ṣe é ní Abẹ́òkúta, ìwé wo la fẹ́ yẹ̀ wò? Ibí yìí ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń yọ̀, ibẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀.

Fọ́ọ̀mù tí à ń lò nígbà yẹn ní kí òbí mú ìwé owó oṣù bàbá wá, kó mú ti ìyá wá, kó tún mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á síṣẹ́. Ta ló ní àwọn nǹkan wọ̀nyí nílùú wa? Òṣìṣẹ́ ìjọba ní Òkè-Mosàn ní i. Òṣìṣẹ́ báǹkì ní i. Olùkọ́ yunifásítì ní i. Ẹni tó ń pa aṣọ láró ní Ìtòkú kò ní i, ẹni tó ń ta ata ní Kútọ̀ kò ní i, ẹni tó ń lẹ táyà ní Làfẹ́nwá kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Kí bọ́sà tó ka ìlà kan, fọ́ọ̀mù ti mú ẹni tó wù ú.

Ìwé owó oṣù náà sì ń purọ́. Ọ̀gá kan mú tirẹ̀ wá bá mi, ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù kò lè ra àpò ìrẹsì kan. Mo gbé ojú sókè sórí ìwé ọ̀hún. Wọ́n ń yọ owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n ń yọ owó mọ́tò, wọ́n ń yọ owó ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ bá a rà. Bàbá yìí ń kọ́lé, ó ń ra ilẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ó wá fẹ́ kí àwọn òbí yòókù bá òun san owó ọmọ. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ìlà ìsàlẹ̀ ń sọ, ohun tó ń gbà ni ìlà òkè ń sọ. Ìlà òkè ni kí bọ́sà máa kà.

Ìjọba àpapọ̀ náà ti kó sínú irú wàhálà yìí rí. Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ní ẹni tó máa rí owó yá, ohun tó ń wọlé fún òun tàbí fún ẹbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó 500,000 náírà lọ́dún. Ó tún ní kó mú oníduùró méjì wá, irú bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé ìpele 12, tàbí agbẹjọ́rò tó ti lo ọdún 10 lẹ́nu iṣẹ́. Owó oṣù tó kéré jù lọ nígbà yẹn jẹ́ 30,000 náírà. Ká sọ pé agbálẹ̀ fẹ́ agbálẹ̀, tí àwọn méjèèjì ń gba 30,000, 720,000 ló ń wọlé fún wọn lọ́dún. Lójú òfin yẹn, wọ́n ti lówó jù. Ẹ sì bá mi wá ibi tí ọmọ agbálẹ̀ ti fẹ́ rí agbẹjọ́rò ọlọ́dún mẹ́wàá tó máa dúró fún un. Òfin tuntun tí wọ́n bu ọwọ́ lù lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024 mú ààlà owó náà kúrò, ó mú oníduùró náà kúrò. Lónìí tí owó oṣù tó kéré jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn jẹ́ 77,000 náírà, tó jẹ́ 924,000 lọ́dún, ààlà 500,000 ì bá ti lé gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ yìí síta, àti ọ̀gá àti mẹ̀kúnnù. (Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba nìkan ni ẹ̀yáwó yẹn wà fún, mo mọ̀. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwa ti aládàáni yá.) Onílé-ẹ̀kọ́ tó bá tẹ iye kan sínú fọ́ọ̀mù pé ẹni tó bá kọjá rẹ̀ kò yẹ, kó múra láti tún un tẹ̀ lọ́dọọdún.

Ìyá kan wà tó ń ṣe àdìrẹ, ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní JSS 2 lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Aṣọ funfun tó ń rà, aró inú ike, kọ́sítíìkì, àbẹ́là tó ń yọ́ sórí aṣọ, gbogbo rẹ̀ ló ń bá dọ́là sáré. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tí wọ́n ya bátànì àdìrẹ sí, sì ti wọ ọjà, kò sì tó tirẹ̀ lówó. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè iye tó ń gbà lóṣù, ó dákẹ́. Ọ̀gá wa ní ó ń fi nǹkan pa mọ́. Kò fi nǹkan kan pa mọ́. Oṣù wo ni kó dáhùn rẹ̀? Ní oṣù Kejìlá tí aṣọ ẹbí pọ̀, àti lásìkò tí wọ́n bá ń ṣe Ọjọ́ Lísàbí, ó lè rí owó ju olùkọ́ girama lọ. Àmọ́ tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, aṣọ tó yẹ kó gbẹ lọ́jọ́ kan á wà lórí okùn títí, iṣẹ́ á máa fà, oníbàárà á máa kọ̀. Oṣù Kẹsàn-án ni ilé-ẹ̀kọ́ ń wọlé, sáà tí owó pọ̀ jù lọ nìyẹn: aṣọ tuntun, ìwé tuntun, owó PTA. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo jù lọ nínú ọdún gan-an ni ìwé owó wa máa ń dé bá a.

Mo bi í bóyá ó ń dá àjọ. Ó yọ káàdì jáde látinú pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó tún yọ ti ọdún tó kọjá. Ẹni tí kò bá mọ káàdì alájọ, n kò mọ ibi tó ti dàgbà. Alájọ ń wá lójoojúmọ́, ó ń sàmì sínú àpótí kéékèèké, oṣù bá parí, ó yọ owó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀, ó kó ìyókù fún ẹni tó ni ín. Káàdì yẹn sọ fún mi iye tí obìnrin yìí lè fi sílẹ̀ lójúmọ́ lẹ́yìn tó ti jẹun tó sì ti ra ọjà. Ó sọ ọjọ́ tí kò rí nǹkan kan fi sílẹ̀. Oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, àpótí ṣófo lọ salalu. Kò sẹ́ni tó ń purọ́ sínú káàdì àjọ, torí owó ara rẹ̀ ló máa sọnù. A máa ń sọ pé orí alájọ Ṣómólú pé tó fi ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́. Bọ́sà tí orí rẹ̀ bá pé náà á máa kí alájọ àdúgbò rẹ̀ dáadáa.

Ohun tí a ṣe fún un kò tó nǹkan. A yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó sáà kìíní kúrò, a sì gbà á láyè kó bẹ̀rẹ̀ sí í san ìyókù láti oṣù Kọkànlá. Ó san án tán. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé kì í ṣe gbogbo òbí tó ń bẹ̀bẹ̀ ló ń wá ẹ̀dínwó. Àwọn mìíràn, oṣù méjì ni wọ́n ń wá. Ẹ fún wọn ní oṣù méjì, ẹ á rí i pé owó ìrànwọ́ tó wà nílẹ̀ á ká ẹni tó pọ̀ sí i.

Torí náà, kí ilé-ẹ̀kọ́ gba káàdì àjọ ọdún kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Kí wọ́n gba ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Kí wọ́n gba ìwé tí àwọn onímọ́tò fi ń dá owó fún ẹni tó ni mọ́tò, torí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò ní ọkọ̀ tí wọ́n ń wà. N kò fẹ́ kí bọ́sà lọ bá alájọ láti tú àṣírí ẹnikẹ́ni o. Òbí fúnra rẹ̀ ni kó mú un wá, bí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń mú ti tirẹ̀ wá.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí wọ́n yí padà nínú fọ́ọ̀mù ni ibi tí wọ́n kọ "iṣẹ́ bàbá" sí gàdàgbà lókè, tí ti ìyá wá ṣe tín-ín-rín nísàlẹ̀. Ta ló ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ nílẹ̀ Ẹ̀gbá? Ní ilé olórogún, ìyá kọ̀ọ̀kan ló ń gbé ẹrù ọmọ tirẹ̀. Ní ilé tí ìyàwó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo pàápàá, ẹ wo ẹni tó ń tò síwájú fèrèsé bọ́sà ní ọ̀sẹ̀ kìíní: obìnrin ni, pẹ̀lú báàgì ọjà lọ́wọ́. Mo ti rí ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní ilé mẹ́ta tó fi háyà, tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ tútù kí ọmọ náà má baà dúró sílé. Bí a bá wo àpò bàbá, ọmọ náà kò yẹ. Bí a bá wo àpò tí owó ń ti inú rẹ̀ jáde, ó yẹ ju ọ̀pọ̀ lọ.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní gbogbo bàbá olówó á sá pamọ́ sẹ́yìn ìyàwó, wọ́n á ní ìyàwó ló ń sanwó. Òótọ́ ni, wọ́n á gbìyànjú rẹ̀. Bí èmi ṣe máa ń ṣe é nìyí: mo máa ń tẹ ìwé kékeré kan tó sọ pé "Èmi, bàbá ọmọ yìí, kì í san nǹkan kan nínú owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀", mo máa ní kí bàbá fọwọ́ sí i níwájú ẹnì kan nínú ìdílé rẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọkùnrin fọwọ́ sí i. Wọ́n á gbé e lọ sílé, wọn kò ní dá a padà, owó á wá wọlé láìsí ariwo. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i lóòótọ́, tí ojú kò tì í, a ti mọ irú ẹni tó jẹ́, a fún ìyá ní ìrànwọ́.

Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ rí gbà nígbà tí owó kò bá ká gbogbo ènìyàn? Ọmọ tó ti wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀ tí nǹkan dédé bàjẹ́ nílé wọn. Àwọn onílé-ẹ̀kọ́ kì í fẹ́ gbọ́ èyí, torí ọmọ tuntun ló ń gbayì lórí kàlẹ́ńdà. Awakọ̀ kan kú lójú ọ̀nà Ṣàgámù nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà ní SS 2. Oṣù méjì lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ náà ń jókòó sábẹ́ igi lẹ́bàá géètì láwọn ọjọ́ tí a bá ń lé ẹni tó jẹ gbèsè síta. Ọmọ tó dé SS 3, WAEC ti gba orúkọ rẹ̀ lábẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ibo lẹ fẹ́ kó kó ẹrù rẹ̀ lọ ní ìdajì ọdún? Òbí rẹ̀ ti sanwó fún ọdún márùn-ún láìbẹ̀bẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ti jẹun lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń pín in, ìdajì gbogbo owó ìrànwọ́ ọdún ni n ò ní fọwọ́ kàn níbẹ̀rẹ̀ ọdún, màá fi í dúró de ẹni tí bàbá rẹ̀ máa kú, tàbí ẹni tí iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ẹni tí ọjà rẹ̀ máa jóná.

Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pàápàá kàwé nílùú wa yìí, ní Baptist Boys' High School tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1923. Bàbá rẹ̀ kú ní 1920, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 11, ó sì ní láti ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ fún ara rẹ̀ kó tó lè kàwé dé ibi tó dé. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lọ́jọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955 ló gbé èmi náà dé kíláàsì kẹfà, torí náà n kì í bú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, n kò sì gbà pẹ̀lú arákùnrin wa tó ń lò ó bí ẹni pé ibi tí wọ́n ń da ọmọ aláìní sí ni. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ti aládàáni láti ìbẹ̀rẹ̀, kó gba ti ìjọba lọ, ojú kò gbọdọ̀ tì í. Àwọn tí mò ń sọ ni àwọn tí agbára wọn ká a lánàá, tí kò ká a lónìí.

Ọmọ aláìlóbìí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn yẹ. Kì í ṣe gbogbo wọn. Mo mọ ọmọ aláìlóbìí tí àbúrò bàbá rẹ̀ ń fi páún ránṣẹ́ láti London ní gbogbo oṣù, tí wọ́n sì ń mú ìwé ikú bàbá àti ìyá rẹ̀ wá fún mi bí ìwé ìrìnnà. Ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ wà láyé, tí àrùn rọpá-rọsẹ̀ ti dá bàbá sórí bẹ́ẹ̀dì, ìṣòro tirẹ̀ lè ju ti aláìlóbìí yẹn lọ. Ní ti ọmọ ìránṣẹ́ Ọlọ́run, n kò rí ìdí tó fi yẹ kó dá ní ipò tirẹ̀. Pásítọ̀ tí ìjọ ra mọ́tò fún àti àfáà tó ń kọ́ ọmọ ní kéwú nínú ṣọ́ọ̀bù onípákó, àpò wọn kò dọ́gba. Bí àpò bá ṣófo, kí wọ́n gbà, kò kan ẹ̀wù tó wà lọ́rùn.

Ẹ̀dínwó ọmọ olùkọ́, ẹ má fi í sábẹ́ ìrànwọ́, ara owó iṣẹ́ olùkọ́ ni, ó sì yẹ kó rí i gbà láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀dínwó ọmọ kẹta láti ilé kan náà, ọgbọ́n ọjà ni. Ẹni tó lè mú ọmọ mẹ́ta wá sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ẹ jẹ́ ká kúrò lórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Lẹ́tà tó ń wá láti ọ̀dọ̀ olóṣèlú, tí òǹtẹ̀ pupa wà lórí rẹ̀, dúrọ́ọ̀ kan wà lọ́fíìsì mi tí mo máa ń fi wọ́n sí.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń bí mi nínú. Ilé-ẹ̀kọ́ á fún ọmọ ní ìrànwọ́ tán, wọ́n á wá pè é síta ní àpéjọ òwúrọ̀ kí gbogbo ọmọ dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé-ẹ̀kọ́. Tàbí kí wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ wá jẹ́rìí níbi ìpàdé PTA. Obìnrin tó ń tà lọ́jà, tó ní oníbàárà láàárín àwọn òbí yẹn, kí ló fẹ́ sọ fún wọn lọ́jọ́ kejì? Ẹni tó mọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ ju bọ́sà àti pírínsípà lọ. Olùkọ́ kíláàsì kò ní láti mọ̀. Ọmọ gan-an, tó bá ṣeé ṣe, kó má mọ̀.

Bí onílé-ẹ̀kọ́ kan bá ń ka lẹ́tà yìí, kó pe bọ́sà rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ fọ́ọ̀mù ti ọdún tó ń bọ̀. Kí wọ́n fi ìbéèrè mẹ́rin kún un: Ta ló san owó sáà tó kọjá, láti ibo ló ti rí i? Oṣù wo ni owó máa ń wọlé dáadáa, oṣù wo ni kì í wọlé? Èwo nínú ìwé rẹ lo lè fi hàn wá, títí kan káàdì àjọ? Kí ló yí padà nílé yín láti ọdún tó kọjá?

Arákùnrin tó kọ̀wé láti Ìjẹ̀bú-Òde, mo fẹ́ kó tún kọ̀wé. Ó lè dá mi lóhùn lórí bàbá tó lówó tó kọ̀ tí kò sanwó, tó sì fọwọ́ sí ìwé mi láìwo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ti ń fún ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìrànwọ́ látẹ̀yìnwá, àmọ́ ìyá tó ń san tirẹ̀ pé láti ọjà Kútọ̀ ló ń bá bàbá yẹn tọ́ ọmọ, inú mi kò sì dùn sí i.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bọ́sà tó ti fẹ̀yìntì,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.